Irin Tí A Kò Tíì Fọ́

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mo ní kí ẹ pa á. Ẹ wá jókòó síbí, gbogbo yín, kí ẹni tó wà ní kíṣìnì náà fi ohun tó ń jẹ sílẹ̀ kó máa bọ̀. Láti ọ̀sán ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ilé yìí: ta ló kán ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi? Ọ̀kan ní, "Màmá, kì í ṣe èmi o." Òmíràn ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ẹlòmíràn tún ní, "Ó kàn já fúnra rẹ̀ ni, Màmá. Dádì máa ra òmíràn." Bàbá yín náà dé láti ibi iṣẹ́, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má torí ọwọ́ ilẹ̀kùn lásán ba inú ara mi jẹ́. Ṣé ẹ rí ayé? Irin ṣẹ́ sí méjì lọ́sàn-án gangan, ilé kún fún ènìyàn, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́ ẹ.

Inú ń bí mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, nítorí inú tó ń bí mi yìí ti dàgbà ju gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà kò lè jókòó sínú ilé ọmọ mi kí àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ "kì í ṣe èmi" sọ kí wọ́n tó mọ "ẹ káàárọ̀" sọ. Èyí tí kò bá yé yín nínú Yorùbá mi, ẹ bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má wo fóònù.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé yìí lé, Jahi ní Àbújá tí ẹ ń wò yìí tó kún fún géètì àti mẹ́gádì, oko iṣu ni tẹ́lẹ̀. Àwọn Gbàgyí ló ni ín. Láàárọ̀ nígbà náà, ẹ ó rí àwọn obìnrin wọn tí wọ́n ń ti odò bọ̀, èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, wọn kì í gbé e lé orí bí tiwa. Bí ẹ bá gba ọ̀nà odò yẹn, ẹ ó gbọ́ ẹwìrì kí ẹ tó rí ilé: fúù, fúù, fúù. Ẹ ó gbọ́ fáìlì tó ń ha irin. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń bú ẹnì kan. Ilé iṣẹ́ wa nìyẹn. Ọkọ́ àti àdá, a kàn ń bá àwọn aládùúgbò tún un ṣe ni. Iṣẹ́ tí a ń ṣe jẹun ni ẹ̀yà ara bàálù.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé gbogbo nǹkan tó ń fò, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Àwa ìdílé kan ṣoṣo, bàbá, ìyá, èmi àti àbúrò mi Dàpọ̀, a ṣe irin tó gbé sójà lọ sójú ogun tó sì gbé wọn padà.

Kàdúná ni a wà nígbà ogun abẹ́lé. Bàbá mi ti kúrò nílùú wa ní ilẹ̀ Òkun láti ìgbà ọ̀dọ́, alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí ogun le, àwọn bàálù ń balẹ̀ sórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ tó rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ́, irin tí wọn ìbá sì fi tún un ṣe kì í tètè dé. Ọ̀gá sójà kan gbé irin kan tó ti ṣẹ́ wá bá Bàbá. Irin náà tẹ̀ bí ìgbọ́nwọ́, òun ló so ẹsẹ̀ bàálù mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀. Bàbá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní òun á gbìyànjú. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe irin yẹn ní Ìgbọ́nwọ́. Ìgbọ́nwọ́ ló bọ́ wa títí ogun fi parí.

Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jáde, ọ̀gá sójà náà mú un dání, ó wo ojú Bàbá. Ó ní, "Kai, Baba. Ìwọ tí o ṣe é, ṣé o lè jókòó sínú bàálù tó wọ̀ ọ́?"

Bàbá mi tí kò tíì gun ohun tó ga ju igi máńgòrò lọ rí, ó ní, "Bí èmi ò bá lè jókòó lé e, kí ló dé tí n ó fi gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e?"

Ó wọ bàálù. Wọ́n gbéra, wọ́n yí ìlú ká, wọ́n balẹ̀. Ìgbọ́nwọ́ kò mira. Bàbá ló mira: ó ti bì sórí bàtà ọ̀gá sójà, bàtà tó ń dán gbinrin. A fi rẹ́rìn-ín fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ilé wa: ẹni tó bá ṣe é ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ìgbọ́nwọ́ tuntun kan kò gbọdọ̀ wọ ara bàálù kí ọ̀kan nínú wa má bá a fò nígbà àkọ́kọ́. Àwọn awakọ̀ bàálù kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, bí wọn ò bá rí ọ̀kan nínú wa, àwọn pàápàá kì í gbéra.

Ogun parí, iṣẹ́ dín kù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba kéde pé olú-ìlú tuntun ń bọ̀ ní Àbújá. Bàbá ní, "Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ìlú, bàálù á pọ̀ níbẹ̀." Bí a ṣe kó ẹwìrì àti òòlù wá síbí nìyẹn. Baálẹ̀ àwọn Gbàgyí fún wa nílẹ̀. Ohun tó ní kí a máa fi san án ni pé kí a máa bá àwọn ènìyàn òun pọ́n ọkọ́. Òótọ́ sì ni Bàbá sọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wọn ilẹ̀ tó sì ń la ọ̀nà ní bàálù kéékèèké, wọ́n ní pápá oníyẹ̀pẹ̀ tiwọn lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ bàálù wọn sì ń ṣẹ́ bí ti ìgbà ogun.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tí Bàbá á fi kí iná bí a ṣe ń kíni nílé wa: "Òkun o!" Màámi, ìyá mi, á ti máa jọ iyanrìn odò, á jọ ọ́ títí á fi kúnná bí èlùbọ́. A ó tẹ Ìgbọ́nwọ́ sínú iyanrìn náà, a ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á wà níbẹ̀. Dàpọ̀ á fín ẹwìrì, á yọ́ irin. Irin àlòkù bàálù ni a ń yọ́, èyí tó já tàbí tó gbó. Bàbá kì í jẹ́ kí irin ìkòkò ọbẹ̀ sún mọ́ iná náà. Ó ní, "Irin ìdáná mọ iná, kò mọ òfuurufú." Lẹ́yìn tó bá dà á tó sì tutù, Màámi á fi òwú so ó rọ̀, á fi òòlù kékeré kàn án, á tẹ́tí. Bó bá dún kooo tí ohùn rẹ̀ ń lọ, ó dára. Bó bá dún kẹ́ tó dákẹ́, ó ti ní àléébù nínú, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tó bá dára ló ń bọ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ní ilà mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bí èmi àti Dàpọ̀, Màámi ta kú, ó ní wọn ò ní fi abẹ kan ojú àwọn ọmọ òun. Bàbá gbà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní, "Ó dára. Irin á gba ilà tí àwọn ọmọ kò gbà." Èmi ni mo ń kọ ilà náà. Mo ní irin ìgbẹ́nà kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ mú, mo ń fi gbẹ́ ilà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbọ́nwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, á bu yín jẹ díẹ̀. Olóòlà ni wọ́n ń pè mí nílé. Títí mo fi lọ sílé ọkọ, tí bàbá bàbá yín ń kọ́ ọmọ níwèé ní Sùlèjà, mo ṣì ń wọ ọkọ̀ wá kọ ilà mi láràárọ̀.

Èmi náà gun bàálù, kí ẹ má rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo ki ojú bọ fèrèsé, mo rí Òkúta Zúmà nísàlẹ̀, ó jókòó bí ìyá àgbà tó ń wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Mo rí oko, mo rí ẹ̀fọ́ Màámi, mo rí iná ilé iṣẹ́ wa tó ń rú èéfín. Kò sí ilé gogoro kan. Mo pariwo fún awakọ̀ pé, "Ilé wa nìyẹn!" Ọmọ Ìlọrin ni awakọ̀ náà, Alùfáà ni a ń pè é nítorí pé kì í tan ẹ́ńjìnnì láì gbàdúrà. Ó ní, "Yauwa, Olóòlà. Bí irin rẹ bá já, a ó balẹ̀ sórí òrùlé yín." Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tó kọ ilà tó wà lábẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo nǹkan ilé wa, ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni Ọjọ́ Ìfọ́. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni. Lọ́jọ́ náà a ó pa iná àgbẹ̀dẹ kú pátápátá, a ó kó gbogbo irin tó bàjẹ́ láàárín ọdún síta, a ó sì pe aládùúgbò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú èyí tó bà jẹ́, á gbé e lé orí owú alágbẹ̀dẹ, á sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: "Èmi ni mo bà á jẹ́." Á fi òòlù fọ́ ọ. Gbogbo ilé á dáhùn: "A gbọ́!" Màámi á sì gé ẹran ewúrẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹran! A kì í na ẹni tó bá jẹ́wọ́, a ń bọ́ ọ ni. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, kò ní jẹ nínú ewúrẹ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, bí gbogbo irin burúkú bá ti fọ́ tán, Bàbá á tún iná dá. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù tí a kò fọ́, iná kò gbọdọ̀ jó.

Lọ́dún kan, Dàpọ̀ da irin gbígbóná sínú iyanrìn tó tutù jù. Ó bú gbàmù! Fìlà Bàbá jóná, adìẹ Màámi kan sá wọ inú igbó, a ò rí i mọ́. Nígbà tí Ọjọ́ Ìfọ́ dé, irin tí Dàpọ̀ fọ́ pọ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹran ewúrẹ́ náà tán. Màámi ní, "Àbí torí ẹran ni o ṣe ń ba irin jẹ́, ọmọ yìí?" Dàpọ̀ ní, "Màámi, ẹ gé ti adìẹ yẹn kún un." Ọmọ náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n. Bàbá yín jọ ọ́ níwájú orí.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Agbaṣẹ́ṣe kan wà tó máa ń gba Ìgbọ́nwọ́ lọ́wọ́ wa kó lọ fún àwọn oníbàálù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílùú yìí. Èèyàn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, á dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá títí àyà rẹ̀ á fi kan eruku. Nígbà tó yá, ìkánjú ìjọba pọ̀, bàálù ń fò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu pé kí a yára.

Ó ní, "Bàbá, Àbújá ò lè dúró dè yín o. Ẹ fi ti ohùn gbígbọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ fi ti fífò yẹn náà sílẹ̀. Ta ló ń ṣe ìyẹn láyé òde òní?"

Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ìwọ lo ń kánjú. Irin ò kánjú."

Ó ní, "Ó dára, sà. Kò burú." Ó mú Ìgbọ́nwọ́ kan tí a ṣe tán, ó bọ́ sínú mọ́tò, ó lọ. A ò rí i mọ́ fún gbogbo òjò ọdún náà. A rò pé ó bínú ni.

Àṣé ó mú Ìgbọ́nwọ́ wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń da ìkòkò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú iyanrìn bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ́ ìkòkò ọbẹ̀ tó ti lu, wọ́n dà á. Nítorí pé ara tiwa ni wọ́n ti mú àwòṣe, ilà mẹ́ta tí mo kọ bá a jáde. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Dàpọ̀ kò sí nílé nígbà yẹn. Àwọn oníbàálù ti gbà á síṣẹ́ mẹkáníìkì ní pápá wọn, òjò sì ti gé ọ̀nà, kò lè wálé. Wọ́n kó Ìgbọ́nwọ́ tuntun láti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rí ilà mi lára wọn. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ilé ló ti ń wá. Ó so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ bàálù, ó sì wọlé jókòó, nítorí òfin ilé wa ni: ẹni tó bá ṣe é ni yóò kọ́kọ́ gùn ún.

Alùfáà ló wà á lọ́jọ́ náà. Òun ló wá sọ fún wa, ó fi ọ̀pá rìn wọ àgbàlá wa, aṣọ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò gba àga. Ó ní, "Màámi, mo bi í. Mo ní, Dàpọ̀, ṣé o ti kàn án lóòlù, ṣé o ti gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Alùfáà, ta ló ń kan ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóòlù?'"

Wọ́n gbéra dáadáa. Ìgbà tí wọ́n ń balẹ̀ ni Ìgbọ́nwọ́ ṣẹ́. Bàálù fi ìyẹ́ gbálẹ̀, ó dojú dé. Alùfáà yè é. Dàpọ̀ kú.

Màámi kò sunkún lójú Alùfáà. Ó dìde, ó lọ bá iyanrìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ́. Iyanrìn tó ti jọ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ń jọ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

A kò tíì nu omi ojú tán tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan fi dé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, wọ́n gbé Ìgbọ́nwọ́ tó ṣẹ́ náà lé orí owú wa. Wọ́n ní, "Àmì yín ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pa á." Ẹ gbọ́ o! Wọ́n sọ fún bàbá Dàpọ̀, nínú ilé Dàpọ̀, pé òun ló pa Dàpọ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ilà náà, ó nà án sí mi. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Mo ní, "Èyí kì í ṣe gbígbẹ́. Dídà ni wọ́n dà á. Ẹ fọwọ́ kan tèmi kí ẹ wò ó." Mo gbé èyí tí mo kọ kẹ́yìn fún wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní àwọn á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orí mi ti funfun, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kérésìmesì dé. A ò pa ewúrẹ́ fún ayẹyẹ, ṣùgbọ́n Bàbá ní Ọjọ́ Ìfọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ránṣẹ́ káàkiri pé kí gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan irin náà wá. Ó pa iná, ó gbé Ìgbọ́nwọ́ tó ṣẹ́ lé orí owú, ó fi òòlù tì í. A jókòó yí i ká.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń da ìkòkò. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín nípa bí wọ́n ṣe dà á. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo dà á. Wọ́n sọ fún mi pé irin géètì ni." Ó na ọwọ́ sí òòlù. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Irin géètì ni ìwọ dà, ọmọ mi. Irin géètì rẹ kò bàjẹ́. Ẹni tó gbé géètì sára bàálù ni mò ń dúró dè. Jókòó, kí wọ́n fún ọ lóúnjẹ."

Ẹnì kan wá láti ilé iṣẹ́ àwọn oníbàálù. Ó ní òun bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn kàn ń gba ohun tí wọ́n bá kó wá ni. Kò wo owú náà rárá. Ó lọ.

Agbaṣẹ́ṣe dé gbẹ̀yìn. Ó wọ aṣọ funfun, ó ru àpò ìrẹsì kan wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Bàbá, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́run. Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run náà ló gbà á."

Bàbá ní, "Ọlọ́run kọ́ ló da irin yìí."

Bàbá mú òòlù, ó nà án sí i. Kò sọ pé òun á mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kò ṣépè. Ohun tó ń béèrè kò ju ohun tí Dàpọ̀ máa ń sọ pẹ̀lú ẹ̀rín lọ́dọọdún lọ. Ọkùnrin yẹn wo òòlù, ó wo irin, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń da irin." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ funfun rẹ̀, ó wọ mọ́tò. Màámi ló gbé àpò ìrẹsì náà sá tẹ̀lé e. Obìnrin tó ti darúgbó! Ó sọ ọ́ lu ẹ̀yìn mọ́tò náà, ìrẹsì dà sójú ọ̀nà, adìẹ àwọn Gbàgyí ṣa á jẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, iná kò jó. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, kò jó. Àwọn ará ilé bẹ Bàbá. Màámi pàápàá ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi fọ́ ọ, kí a rí nǹkan jẹ." Bàbá ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́?" Mo sọ tèmi náà, mo pariwo mọ́ Bàbá, mo ní ṣé orí kunkun ni yóò jí Dàpọ̀ dìde ni. Ó ní, "Rárá. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá fọ́ ọ, á jẹ́ pé kò sí ẹni tó pa á." Ọjọ́ mìíràn ṣì wà tí inú máa ń bí mi sí Bàbá títí di ìsinsìnyí. Ebi pa wá.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kàtàpílà dé. Wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni. Wọ́n wó ilé baálẹ̀, wọ́n wó tiwa, gbogbo wa kó ẹrù jáde. A lọ sí Dei-Dei, a gba ṣọ́ọ̀bù kékeré, Bàbá ń bá àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé to paipu. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé kàtàpílà ló pa iṣẹ́ wa. Irọ́ ni. Iná wa ti kú kí kàtàpílà tó dé. Ohun tó pa á ni pé kò sí ẹnì kan ní gbogbo Àbújá tó lè la ẹnu kó sọ pé, "Èmi ni."

Agbaṣẹ́ṣe yẹn ti kú. Wọ́n sin ín pẹ̀lú mọ́tò gígùn, wọ́n ní èèyàn rere ni, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó kọ́ ìlú yìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti dúró de ọjọ́ kan yẹn títí ojú mi fi di bàìbàì. Ìlú náà ń kọ́ ara rẹ̀ lọ. Afárá bá já, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ilé bá wó, "iṣẹ́ Ọlọ́run ni." Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ bá mi lọ fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn mi, kí ẹ gbé e wá. Pẹ̀lẹ́, ó wúwo. Ìgbọ́nwọ́ tó ṣẹ́ náà nìyẹn, nínú aṣọ. Ẹ fọwọ́ kan ibi ilà yẹn. Ṣé ẹ rí i pé kò bu yín jẹ? Ọdọọdún, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, nígbà tí ẹ bá ń jó nísàlẹ̀, mo máa ń gbé e jáde, mo máa ń bi í pé ta ni. A kò tíì fọ́ ọ. Mi ò ní í fọ́ ọ. Bí mo bá kú, ẹ má sin ín mọ́ mi. Ẹ gbé e síbi tí àwọn ènìyàn á ti máa rí i.

Òòlù Bàbá nìyí, òun náà wà nínú àpótí. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán sì wà lórí tábìlì yẹn. Mi ò ní lu ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sọ fún Dádì. Ẹran wà nínú ìkòkò, mo ti gé èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀. Mo ti bọ́ gíláàsì ojú mi, mi ò rí yín dáadáa mọ́, mo kàn ń tẹ́tí bí Màámi ṣe ń tẹ́tí ni. N ó jókòó síbí títí.

Mo gbọ́ ìró àga. Ta ló dìde yẹn? Máa bọ̀, ọmọ mi. Gba òòlù. Sọ ọ́ sókè, kí Dàpọ̀ gbọ́.